Ta Ló Wa Bọ́ọ̀sì Kọjá Ibi Tánkì Omi?

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Àwọn obìnrin tó ń gbé lọ sí ilé iṣẹ́ aránṣọ ní àràárọ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé bí ọkùnrin náà bá ń wakọ̀, ẹni tó gbé ife tíì gbígbóná dání á mu ún tán láìjẹ́ pé ó ta sí i láṣọ. “Jẹ́jẹ́, ìgbín ti yà wá sílẹ̀ o!” ni wọ́n máa ń pariwo láti ẹ̀yìn. Òun náà á dáhùn pé ìgbín kì í bẹ́ táyà, ìgbín kì í sì í pa èrò. Wọn á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á tún bọ́ sórí ọkọ ẹni kan tàbí ọmọ ẹni kan. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú kirikiri, títí tí funfun fi wá borí dúdú.

Kò sí ohun tó fẹ́ràn bí ọkọ̀ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́, òun ló ń fi bébà àtijọ́ nu gíláàsì iwájú títí á fi dà bíi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tó máa ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni olórí àwọn tó ń gé aṣọ nílé iṣẹ́, ìyá àgbàlagbà kan tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí Sísọ́ọ̀sì. Ẹnu ìyá yìí kì í sinmi. Láti ibi tó bá ti wọkọ̀ títí dé ẹnu géètì ilé iṣẹ́, orí ẹ̀yìn ọrùn Jẹ́jẹ́ ló ń kó gbogbo ìròyìn àdúgbò rẹ̀ lé.

Lọ́jọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì owó ìtanràn àkọ́kọ́ dé, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo gáréèjì. Akọ̀wé ló na ìwé náà sí i.

“Eré àsápajúdé ni, sà. Kámẹ́rà ojú títì ló ya fọ́tò rẹ̀, ní kọ́nà tánkì omi.”

“Ta ni?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

“Èmi kẹ̀?”

Ìjì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń wa típà, tí wọ́n jọ gba láísẹ́ǹsì láyé ìgbà èwe wọn, já ìwé náà gbà, ó kà á, ó sì pàtẹ́wọ́. “Ẹ wá wo ohun tójú rí o! Àgùntàn ti jẹ ẹran! Ọ̀rẹ́ mi, káàbọ̀ sínú ẹgbẹ́ wa.”

Ni àwọn awakọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún un nímọ̀ràn. Ọ̀kan ní bí ọlọ́pàá ojú pópó bá ti dá a dúró, kó tètè kí i kó tó délẹ̀kùn, torí ẹni tó ti dáhùn kíkí kì í lè bú èèyàn dáadáa mọ́. Ọ̀kan ní kó kó ọwọ́ méjèèjì sórí sítíárì, kó sì ṣe ojú bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Ìjì ní òun sọ fún ọlọ́pàá kan rí pé ìyàwó òun ń rọbí lọ́wọ́ lòun ṣe ń sáré. Ọlọ́pàá náà ní, “Ìyàwó yín mà kú iṣẹ́ o. Oṣù tó kọjá tí mo dá yín dúró náà ló ń rọbí.” Wọ́n ní gbogbo ọgbọ́n wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ lára ọlọ́pàá tó kù, ṣùgbọ́n kí Jẹ́jẹ́ má dán an wò lọ́dọ̀ ọlọ́pàábìnrin tó máa ń gun alùpùpù, ẹni tí àwọn awakọ̀ sọ ní Má-Bẹ̀-Mí. Ẹ̀bẹ̀ kì í wọ obìnrin yẹn létí. Á kọ tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tán, á ní ó dàbọ̀, á lọ.

Jẹ́jẹ́ bá wọn rẹ́rìn-ín lẹ́nu, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó mọ ojú ọ̀nà náà bí ẹni mọ ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀. Ó mọ tánkì omi ńlá tó dúró lórí ẹsẹ̀ irin gbọọrọ, níbi tí ọ̀nà ti ń yà sí òsì. Ó mọ afárá tó wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó jókòó, tó fẹ́ fi ọkàn rin ìrìn láti ibi tánkì dé orí afárá, kò rí nǹkan kan mú. Bí ẹni pé wọ́n ti gé ibẹ̀ kúrò nínú aṣọ, tí wọ́n sì rán etí méjèèjì pọ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bó ṣe ń rí fún gbogbo ẹni tó bá ti mọ ọ̀nà kan jù nìyẹn. Ẹ̀rọ kámẹ́rà ló ya wèrè.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni tíkẹ́ẹ̀tì kejì dé. Kọ́nà kan náà, àárọ̀ sì ni bíi ti àkọ́kọ́.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ ní ẹjọ́ tiẹ̀. Ó jókòó síbi fèrèsé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti ẹ̀wù iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ lórí itan.

“Bàbá Ìbejì, ta lẹ̀ ń bá jà níbi iṣẹ́?”

“Kò sẹ́ni tí mò ń bá jà.”

“Ta ló wá ń fa bọ́tìnnì yìí já? Bọ́tìnnì kan náà ni, èyí tó wà láyà gan-an. Mo rán an lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo rán an ṣáájú ìgbà yẹn. Okùn tí mo fi rán an lẹ́ẹ̀kẹta yìí, ó tó so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀.”

Ó gba ẹ̀wù náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Okùn náà kò jẹrà. Ẹnìkan ló fi ìka yí i, yí i, títí tó fi já. Ó dá ẹ̀wù padà fún un.

Òwúrọ̀ tí Má-Bẹ̀-Mí dá a dúró, òjò ti rọ̀ mọ́jú, oòrùn sì ti yọ sórí ọ̀dà títì tó ṣì tutù, tí gbogbo ilẹ̀ ń dán yinrinyinrin. Jẹ́jẹ́ rí tánkì omi lọ́ọ̀ọ́kán. Òórùn aṣọ tí áyọ́ọ̀nù jó kọlu imú rẹ̀. Ó rò pé ara àwọn aránṣọ ló ti ń wá. Ohun tó tún gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni fèrè alùpùpù tó ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ̀. Wọ́n ti kọjá afárá. Ẹsẹ̀ tó fi ń tẹná ti le gbandi bí igi. Inú bọ́ọ̀sì sì pa lọ́lọ́, bẹ́ẹ̀ inú ọkọ̀ yẹn kì í dákẹ́ rí.

Ó rọra yà sí ẹ̀gbẹ́ títì. Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ akoto rẹ̀, ó sì rìn wá.

“Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ẹ pa ọkọ̀.”

Ó pa á.

“Kí ló dé tí ẹ ò dúró?”

“Níbo, ọ̀gá mi?”

“Ní kọ́nà ọ̀hún. Mo dúró sójú títì, mo nawọ́ sókè.”

“Ẹ forí jì mí. Mi ò rí yín ni.”

“Ẹ rí mi.” Ohùn rẹ̀ kò le. Ohun tó tilẹ̀ kọ́kọ́ dẹ́rù ba Jẹ́jẹ́ nìyẹn. “Ẹ wò mí lójú kòrókòró. Ẹ juwọ́ sí mi, ẹ sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ iná sí i. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo fò sí ẹ̀gbẹ́ kan.”

Jẹ́jẹ́ yíjú wo ẹ̀yìn, kí Àǹtí Sísọ́ọ̀sì lè bá a sọ pé irọ́ ni. Ìyá náà ń wo èékánná ọwọ́ ara rẹ̀.

Obìnrin náà ní kó la ẹnu, ó gbóòórùn èémí rẹ̀. Kò sí ọtí níbẹ̀. Ó bi í pé ọjọ́ wo lòní, ó dáhùn. Ó bi í pé ibo ló ń lọ, ó dáhùn. Ó wá tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ń wo inú kànga bóyá omi wà níbẹ̀. Ó kọ tíkẹ́ẹ̀tì, ó fún un. Àwọn awakọ̀ ní kì í fi ọ̀rọ̀ kan kún un, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó fi kún un.

“Ẹ yà sí ọ́fíìsì wa lọ́sàn-án. Mi ò mú yín o. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fojú ara yín rí.”

Ọ́fíìsì wọn ò ju yàrá gígùn kan lọ, tí fáànù ń yí fìrìfìrì lókè láìfẹ́ ẹnikẹ́ni. Awakọ̀ takisí kan ń bẹ ọlọ́pàá mìíràn lórí bẹ́ǹṣì, ó ní ìyá òun ló ń ṣàìsàn. Má-Bẹ̀-Mí fún Jẹ́jẹ́ ní àga, ó sì yí ojú kọ̀ǹpútà sí i.

“Àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ nìyí.”

Bọ́ọ̀sì rẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ rí, ó sì dùn mọ́ ọn nínú pé gíláàsì rẹ̀ mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn náà ló rí ẹ̀wù rẹ̀. Obìnrin náà fa àwòrán náà tóbi sí i, ojú tó wà lókè ẹ̀wù bá hàn kedere.

Ojú náà là sílẹ̀ gbàgàdà, ó kọjú síwájú, kò sì wo nǹkan kan. Ẹnu ti yà sí ẹ̀gbẹ́ kan bíi ti ẹni tó ní oúnjẹ dídùn lẹ́rẹ̀kẹ́. Ọwọ́ kan wà lórí sítíárì. Ọwọ́ kejì di bọ́tìnnì àyà mú, ó ń yí i. Lẹ́yìn rẹ̀, Àǹtí Sísọ́ọ̀sì la ẹnu, ó ń bá ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kan ń kun ètè. Ẹlòmíràn ti gbórí lé fèrèsé, ó ń sùn. Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀.

Obìnrin náà tẹ nǹkan kan, àwòrán kejì jáde. Ojú kan náà ni.

Jẹ́jẹ́ gbọ́wọ́ sókè, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. “Èmi kọ́ nìyí.”

“Ẹ̀yin ni, bàbá.”

“Mo mọ̀ pé ojú mi ni. Mo ní èmi kọ́.”

Obìnrin náà kò jiyàn. Ó pa kọ̀ǹpútà náà kó má bàa máa wò wọ́n. “Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá ọkọ̀ dúró,” ló wí. “Mo mọ ojú ọ̀mùtí. Mo mọ ojú ẹni tó jalè, àti ojú ẹni tí oorun ń kùn. Láàárọ̀ yìí, nígbà tí ẹ rẹ́rìn-ín sí mi, mo wá èèyàn lójú yín, mi ò rí. Ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó tún gbé ọkọ̀ yẹn. Mi ò ní fa tíkẹ́ẹ̀tì yín ya o.”

“Mi ò bẹ̀ yín.”

“Bí ẹ ò bá lọ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó tán, mo máa wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín lójú àwọn èrò yín.”

Ó yẹ kó lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Kò lọ. Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tó ń bẹ̀rù kí dókítà má lọ fi ẹnu pè, ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ kì í sọ jáde nígbà tó wà lọ́mọdé, tí á kàn fi orí júwe ilé ẹni tó ní in. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó rẹ òun ni. Ó sùn, ó jí, ó sì gbé bọ́ọ̀sì.

Ṣùgbọ́n kó tó ṣíná, ó yíjú sí Àǹtí Sísọ́ọ̀sì.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀ láti ibi tánkì omi títí dé orí afárá. Bí mi ò bá dáhùn, ẹ gbá mi léjìká.”

Ìyá náà sún síwájú lórí àga rẹ̀. “Jẹ́jẹ́,” ló wá wí, “ìgbà wo lo máa ń dá mi lóhùn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?”

“Báwo?”

“Ó ti pẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ló sú ọ. Tá a bá ti dé ibi tánkì, mà á máa sọ̀rọ̀, ìwọ á máa jẹnu wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà mìíràn, o máa ń sọ pé, ‘Ó ti dé. Ó ti dé.’ Mo rò pé afárá lò ń sọ.”

“Ta ló ti dé?”

“Ìwọ ló yẹ kí n bi.”

Jẹ́jẹ́ ṣíná ọkọ̀. Ó wà á bí ẹni gbé ẹyin lérí. Gbogbo ohun tó ń kọjá ló ń dárúkọ fún ara rẹ̀ lábẹ́ ahọ́n: ilé ìfowópamọ́, ilé ẹ̀kọ́, ibi tí wọ́n ti ń ta símẹ́ǹtì. Àǹtí Sísọ́ọ̀sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ àbúrò rẹ̀ kan ló ń sọ, ọmọ náà fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Jẹ́jẹ́ ń dáhùn, “Ẹn-ẹ́n. Ẹn-ẹ́n.” Tánkì omi yọ. Ẹsẹ̀ irin rẹ̀ ń gé oòrùn sí wẹ́wẹ́ sórí gíláàsì, ìmọ́lẹ̀, òjìji, ìmọ́lẹ̀, òjìji. Òórùn aṣọ jíjó dé.

Kò dúró rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó tẹ bíréèkì, ó pa ọkọ̀, ó sì fa kọ́kọ́rọ́ yọ.

Ohun tó mọ̀ mọ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ó rí i pé òun dúró láàárín títì nínú oòrùn. Ọkọ̀ ti tò síwá sẹ́yìn, kò sì sí èyí tó ń fọn fèrè. Fìlà rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti dì í mú débi pé ó ti wọ̀ ọ́ lára. Ó wo bọ́ọ̀sì rẹ̀. Gbogbo àwọn obìnrin náà ti wá sójú fèrèsé, wọ́n fi ọwọ́ lé gíláàsì, wọ́n ń wò ó. Àwọn tó ti ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó mọ oyún wọn, tó mọ ọ̀fọ̀ wọn, wọ́n ń wò ó bí èèyàn ṣe ń wo àlejò tó wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Àǹtí Sísọ́ọ̀sì dúró níwájú rẹ̀, ó di ẹ̀wù rẹ̀ mú láyà.

“Ta ni mí?” ló bi í.

“Àǹtí Sísọ́ọ̀sì ni yín.”

Ìyá náà mí kanlẹ̀, ó sì yíjú sí àwọn tó kù. “Ó ti padà dé.”

“Àǹtí, kí ni mo ṣe?”

Kò fẹ́ sọ. Ó tún bi í. “O sọ̀ kalẹ̀,” ni ìyá náà wí nígbẹ̀yìn. “O rìn bọ́ sójú títì bí ẹni tó fẹ́ lọ pàdé èèyàn. O na ọwọ́ méjèèjì báyìí, bí ìgbà tí ọmọ bá ti ìrìn àjò dé. Kò sì sí ẹnìkan níwájú rẹ, Jẹ́jẹ́. Kò sí ẹnì kankan.”

Jẹ́jẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ sí i lọ́wọ́. “Mi ò wakọ̀ mọ́,” ló wí. Ìyá náà, tí kò di sítíárì mú rí láyé rẹ̀, di kọ́kọ́rọ́ náà mú sókè réré kúrò lára rẹ̀ títí tí Ìjì fi dé láti gáréèjì. Ìjì gbé àwọn èrò lọ síbi iṣẹ́, ó sì padà wá gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Kò dápàárá kankan lọ́nà. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé, “Àìsàn ló ṣeé wò. Kò sẹ́ni tó rí ti ikú ṣe.”

Wọ́n lẹ wáyà mọ́ Jẹ́jẹ́ lórí, wọ́n tan iná tó ń ṣẹ́jú sí i lójú, ẹ̀rọ kan sì ń fa ìlà wẹ́rẹwẹ̀rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó mọ èèyàn bá sọ̀rọ̀. Ó jókòó kó tó la ẹnu.

“Wárápá ni, bàbá.”

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Jẹ́jẹ́ rò pé òrùlé á ya lulẹ̀. Kò ya.

“Kì í ṣe èyí tó ń gbé èèyàn ṣánlẹ̀,” ni dókítà náà tẹ̀síwájú. “Iná kékeré kan ló ń ràn nínú ọpọlọ yín, á sì tún kú. Ní àkókò tó bá ń jó, ẹ ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ara á máa ṣe ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Òórùn tí ẹ̀ ń gbọ́ yẹn, bó ṣe ń kanlẹ̀kùn nìyẹn.”

“Kí ló dé tó fi jẹ́ ibì kan náà?”

“Ó lè jẹ́ oòrùn tó ń ṣẹ́jú láàárín àwọn irin yẹn ló ń fà á. Ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín.”

“Dókítà, ta ló wá ń wa ọkọ̀?”

“Ẹ̀yin náà ni, sà.”

Ó dàbí ẹni pé gbogbo ayé ti gbìmọ̀ láti fún un ní èsì kan ṣoṣo yìí.

Ìyàwó rẹ̀ kò sunkún nígbà tó gbọ́. Ó jókòó, ó ń rò ó. Lójijì ló bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi gèlè bo ojú. “Bọ́tìnnì! Bàbá Ìbejì, àṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ̀ ń fà á já. Èmi tí mo ti ń ṣọ́ gbogbo obìnrin inú bọ́ọ̀sì yẹn lọ́kàn!” Òun náà rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde lójú wọn. Nígbà tí ẹ̀rín tán, omijé ṣì ń bọ̀.

Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ló mú láísẹ́ǹsì rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ọlọ́pàá ojú pópó. Àwọn awakọ̀ kún orí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Má-Bẹ̀-Mí gba káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì dìde dúró. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní àwọn ò rí i kó dìde fún ẹnikẹ́ni rí.

“Ẹ ṣeun, bàbá,” ló wí.

Ilé iṣẹ́ fi í sí yàrá tí wọ́n ń kó okùn ìránṣọ sí. Oògùn tí dókítà fún un ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ara rẹ̀ balẹ̀, ó tilẹ̀ sanra díẹ̀. Àwọn aránṣọ máa ń yà kí i, Àǹtí Sísọ́ọ̀sì sì rí ẹni tí kò lè sá fún ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bó bá ń to okùn, ọwọ́ rẹ̀ á dúró. Á rántí ìgbà tí àwọn ìbejì rẹ̀ wà ní kékeré, tó máa ń fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sílé ẹ̀kọ́. Á gbìyànjú láti fi ọkàn rin ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bó bá dé ibi tí kò rí nǹkan mú, á sáré padà sídìí okùn rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ rin kọ́nà tánkì omi. Ìyàwó rẹ̀ ní òun á bá a lọ. Ó ní rárá, oòrùn ọ̀sán kì í gba àárín irin yẹn, òun ò sì ní pẹ́.

Ó rìn ín jẹ́jẹ́. Kọ́nà bí kọ́nà ni. Ògiri gígùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Kò rí i rí. Ilé alájà kan wà tí aṣọ ọmọdé ń gbẹ lójúde rẹ̀; kò rí i rí. Àwọn ojúlé tí ó ti gba iwájú wọn kọjá fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, bàbá arúgbó kan ń lẹ táyà lábẹ́ páànù. Bí bàbá náà ti gbójú sókè, inú rẹ̀ dùn.

“Ẹ̀yin lẹ dé yìí! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Mo ti ń bi ara mi pé níbo ni ọ̀rẹ́ mi wọlẹ̀ sí.”

“Ẹ mọ̀ mí ni, bàbá?”

“Èmi ò mọ̀ yín kẹ̀? Ẹni tó ń juwọ́ sí mi láràárọ̀! Ẹ jókòó, ẹ jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó.”

Ó na ọwọ́ sí bẹ́ǹṣì kúkúrú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

“Ìgbà wo ni mo jókòó síbẹ̀?”

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ló ń ṣe. “Bí kò bá ti sí èrò nínú ọkọ̀, ẹ máa ń dúró. Kì í ṣe lójoojúmọ́. Ẹ̀yin á sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹ ó máa wo títì. Mà á kí yín, ẹ ò ní dáhùn. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ọkùnrin yẹn ní ohun tó ń rò, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Tó bá yá, ẹ ó dìde, ẹ ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ẹ ó sì gbé ọkọ̀ yín lọ. Ọwọ́ yín kì í gbọ̀n. Ẹ mọ ọkọ̀ ọ́ wà gan-an ni.”

“Mo máa ń sọ nǹkan kan bí?”

“Ẹ̀ẹ̀kan báyìí, ẹ ní, ‘Ó ti dé.’ Mo wo títì síwá sẹ́yìn, mi ò rí ẹnikẹ́ni.”

Jẹ́jẹ́ wo bẹ́ǹṣì náà. Pákó rẹ̀ ti dán níbì kan, ní ìwọ̀n ìdí èèyàn kan. Ó ń ṣe é bíi kó jókòó, kó wo ohun tí ẹni yẹn máa ń wò. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dá ẹsẹ̀ dúró, ó dọ́bálẹ̀ kí bàbá náà, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kò ní jókòó ni?” bàbá náà ń bi afẹ́fẹ́ bó ti ń lọ.

Ọ̀nà mìíràn ló gbà délé. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé oúnjẹ sórí tábìlì, ó sì ń sọ fún un bí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ṣe pè, tó ní ọmọ òun ti hu eyín. Ibi eyín náà ni Jẹ́jẹ́ gbọ́ mọ. Nígbà tó tún gbọ́ nǹkan, síbí ti bọ́ sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ti wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú pinpin. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tó ti ń lo oògùn.

“Ó pẹ́?” ló bi í.

“Kò pẹ́.”

“Kí ni mo ṣe?”

Ìyàwó rẹ̀ wò ó lójú, ó wá a níbẹ̀, ó sì rí i. Ó ṣa síbí nílẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó padà sí àga rẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn eyín ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.